Iṣẹ́ Àṣetiléwá Ìṣirò ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì: Òfin Rẹ̀ àti Ìdí Tí A Fi Ṣe É

Ní ọdọọdún ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin ń ti abúlé àti ìlú kéékèèké lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Kí wọn tó lọ, bàbá ti ta kòkó, ìyá ti kó àjọ, ẹ̀gbọ́n tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì ti fi owó tirẹ̀ kún un. Gbogbo ilé ní ń retí pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ọmọ náà yóò padà wá pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ti orílẹ̀-èdè, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí N.C.E. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ọdún mẹ́ta a di mẹ́rin, mẹ́rin a di márùn-ún. Bí a bá sì béèrè ohun tí ó fà á, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ó gbọ́ pé ẹ̀kọ́ ìṣirò ni.

Àwọn òbí a máa rò pé ọmọ náà kò ní orí ìṣirò ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ń kùnà nítorí pé wọn kò fi iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀ fún olùkọ́ bí òfin ti wí. Òmíràn kò ṣe é rárá. Òmíràn ṣe é, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó mú un wá. Òmíràn gbàgbé láti kọ orúkọ sí i. Òmíràn sì kọ ìdáhùn láìfi ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ hàn. Ẹ̀kọ́ yìí wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òbí wọn, àti ẹnikẹ́ni tí ń múra láti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọn lè mọ ohun tí òfin náà jẹ́ àti ìdí tí a fi ṣe é.

BÍ A TI Ń PÍN MÁÀKÌ ỌGỌ́RÙN-ÚN

Ní ayé àtijọ́, ìdánwò kan ṣoṣo ní í pinnu ohun gbogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣiṣẹ́ dáradára láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kẹwàá, kí ibà sì dá a dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kí gbogbo rẹ̀ sì di òfo. Ní 1977, Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà jáde. Nínú rẹ̀ ni a ti sọ pé kí a máa yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò láti ìgbà dé ìgbà, kí ó má ṣe jẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta àti mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ ní 1982, àyẹ̀wò àtìgbàdégbà yìí wá di ohun tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń lò. Ní 1989, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí, máàkì 100 ni a ń pín sí ọ̀nà méjì. Iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìdánwò kéékèèké tí a ń ṣe láàárín sáà ní máàkì 40. Ìdánwò àṣekágbá ní máàkì 60. Nígbà tí a bá ro méjèèjì pọ̀, ẹni tí ó ní 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba A. Ẹni tí ó ní 60 sí 69 gba B. 50 sí 59 gba C. 45 sí 49 gba D. 40 sí 44 gba E. Ẹni tí kò bá dé 40 gba F, èyí túmọ̀ sí pé ó kùnà. Yóò tún ẹ̀kọ́ náà ṣe ní ọdún mìíràn. Èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní kárí-ófà.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ó ti lè kó ogójì máàkì nínú ọgọ́rùn-ún jọ. Máàkì wọ̀nyí ni ó rọrùn jù láti rí gbà, nítorí pé nínú iṣẹ́ àṣetiléwá, ìwé wà níwájú rẹ̀, ó ní ọjọ́ púpọ̀ láti ronú, ó sì lè béèrè ohun tí kò yé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rọrùn láti pàdánù wọn.

ÌṢIRÒ AKẸ́KỌ̀Ọ́ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká sọ pé olùkọ́ kan pín máàkì 40 náà sí iṣẹ́ mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní máàkì 10. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà nínú kíláàsì rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kìn-ín-ní fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ní àsìkò. Ó gba 8, 7, 6 àti 9. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30. Nínú ìdánwò àṣekágbá ó gba 31 nínú 60. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 61. Ó gba B.

Akẹ́kọ̀ọ́ kejì kò ṣe iṣẹ́ kìn-ín-ní rárá: òfo. Ó ṣe iṣẹ́ kejì, ṣùgbọ́n ó mú un wá nígbà tí olùkọ́ ti dá ti àwọn yòókù padà, olùkọ́ kò sì gbà á: òfo. Ó ṣe iṣẹ́ kẹta dáradára, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ sí i, a kò sì mọ ẹni tí ó ni ín: òfo. Nínú iṣẹ́ kẹrin, ìdáhùn nìkan ni ó kọ, ó sì gba 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4. Nínú ìdánwò àṣekágbá ó gba 33. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 37. Ó gba F.

Ẹ kíyèsí i pé akẹ́kọ̀ọ́ kejì ni ó ṣe dáradára jù nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó fi máàkì 2 ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ òun ni ó kùnà. Máàkì 3 péré ni ì bá sọ ọ́ di ẹni tí ó yege. Bí ó bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ kẹta nìkan, tí ó sì gba 6 níbẹ̀, ì bá ní 43, kì bá sì sí ìdí fún un láti tún ẹ̀kọ́ náà ṣe. Orúkọ tí kò gba ìṣẹ́jú kan láti kọ ti di owó ilé-ìwé, owó ilé àti oúnjẹ fún ìgbà mìíràn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti fi wò ó. Kí ẹni tí ó ti ní 30 tó lè yege, máàkì 10 nìkan ni ó kù fún un láti wá nínú 60. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní 4 gbọ́dọ̀ wá 36 nínú 60. Àwọn méjèèjì yóò jókòó nínú gbọ̀ngàn kan náà, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wà lórí wọn kò dọ́gba.

ÒFIN KÌN-ÍN-NÍ: KÍ IṢẸ́ NÍ ORÚKỌ

Olùkọ́ kan lè ní akẹ́kọ̀ọ́ igba tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lè fi ọwọ́ ìkọ̀wé dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ohunkóhun mìíràn, kí ó kọ ìwọ̀nyí sí òkè ìwé rẹ̀:

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún, bí ó ti wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀.
Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀.
Ẹ̀ka tí ó wà àti ọdún tí ó wà.
Orúkọ ẹ̀kọ́ náà àti nọ́ńbà rẹ̀.
Iṣẹ́ kelòó ni èyí jẹ́.
Orúkọ olùkọ́.
Ọjọ́ tí ó fi í sílẹ̀.

Bí ìwé náà bá ju ẹyọ kan lọ, kí ó kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ sí orí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì so wọ́n pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà tú wọn ká. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni kí ó lò, kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ tàbí orúkọ tí ọ̀rẹ́ ń pè é. Bí ènìyàn méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú kíláàsì, nọ́ńbà ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, olórí kíláàsì ní í gba iṣẹ́ gbogbo ènìyàn jọ, tí í sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì olùkọ́. Ètò yìí dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lè sọnù lójú ọ̀nà. Kí olórí kíláàsì ní ìwé tí olúkúlùkù yóò fọwọ́ sí nígbà tí ó bá fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ti ìwé rẹ̀ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn olùkọ́ kí ó sì máa lọ. Ẹni tí ó bá fọwọ́ síwèé ní ẹ̀rí. Ẹni tí kò fọwọ́ síwèé kò ní ju ẹnu rẹ̀ lọ.

ÒFIN KEJÌ: KÍ IṢẸ́ DÉ NÍ ỌJỌ́ RẸ̀

Gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá ni ó ní ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa rò pé ìkanra ni ó ń mú kí olùkọ́ rọ̀ mọ́ ọjọ́ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ bá ti gba iṣẹ́ tán, yóò ṣàlàyé ìdáhùn fún gbogbo kíláàsì lójú pátákó. Ẹni tí ó bá mú iṣẹ́ wá lẹ́yìn èyí ti rí ìdáhùn kí ó tó kọ ti ara rẹ̀. Bí olùkọ́ bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti rẹ́ àwọn tí ó ṣe tiwọn ní àsìkò jẹ.

Àgbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí ó bá ru iṣu dé ọjà ní ọjọ́ kejì ọjà kò lè bínú pé òun kò rí ẹni tí yóò ra á. Iṣu rẹ̀ lè tóbi ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Ọjọ́ ni kò bá a mu.

Òfin yìí yàtọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sí òmíràn. Àwọn olùkọ́ kan kì í gba iṣẹ́ tí ó pẹ́ rárá. Àwọn mìíràn a máa gbà á, ṣùgbọ́n wọn a yọ máàkì kúrò fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí olùkọ́ bá ń yọ máàkì 2 ní ọjọ́ kan, iṣẹ́ tí ì bá gba 8 yóò di 2 bí ó bá fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní sáà, kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè òfin olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Àìsàn àti ọ̀fọ̀ kì í sọ tẹ́lẹ̀, àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ sì mọ èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ kò yá kí ó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà ní ilé ìwòsàn, kí ó sì rí i pé olùkọ́ gbọ́ kí ọjọ́ náà tó kọjá, bí ó bá ṣeé ṣe. Bí òun kò bá lè rìn, kí ó rán ẹnìkan. Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ìwé tí yóò kọ kò pọ̀: orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, iṣẹ́ tí ó kan, ohun tí ó dí i lọ́wọ́, àti ọjọ́ tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi kún un. Ẹni tí ó bá tètè sọ̀rọ̀ ni a máa ń ṣàánú fún. Ẹni tí ó bá dákẹ́ títí tí a fi lẹ èsì mọ́ ògiri, ẹnu kì í gbà á mọ́.

ÒFIN KẸTA: KÍ A FI Ọ̀NÀ HÀN

Òfin yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, òun náà sì ni ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Wọn a béèrè pé: bí ìdáhùn bá ti tọ̀nà, kí ni olùkọ́ tún ń wá? Èsì rẹ̀ ni pé olùkọ́ kò mọ bí ìdáhùn náà ṣe dé orí ìwé. Ó lè jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ronú sí i. Ó lè jẹ́ pé ó wò ó lára ọ̀rẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn fi orí lé ibì kan ni. Ọ̀nà tí ó gbà ni ẹ̀rí ìmọ̀ rẹ̀, òun sì ni máàkì tí ó pọ̀ jù wà fún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìbéèrè kan. Oko kan wà tí ó ní igun mẹ́rin tí ó gún régé. Bí a bá rìn yí i ká, mítà 100 ni. Gígùn rẹ̀ fi mítà 10 ju ìbú rẹ̀ lọ. Báwo ni ilẹ̀ náà ti tóbi tó? Iṣẹ́ tí ó pé nìyí:

Jẹ́ kí ìbú oko jẹ́ x mítà.
Nítorí náà gígùn rẹ̀ jẹ́ x + 10.
Yíyí oko ká: 2(x + x + 10) = 100
2x + 10 = 50
2x = 40
x = 20
Ìbú jẹ́ mítà 20. Gígùn jẹ́ mítà 30.
Ilẹ̀ náà = 20 × 30 = mítà 600 níbùú-lóòró.

Ká sọ pé máàkì 5 ni ìbéèrè yìí ní. Olùkọ́ lè fi 1 fún sísọ ohun tí x dúró fún, 1 fún fífi ọ̀rọ̀ ìbéèrè sí ìdọ́gba, 2 fún títú ìdọ́gba náà, àti 1 fún ìdáhùn pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ 600 nìkan. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n máàkì 1 ni a lè fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì kọ gbogbo ìgbésẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìparí ó ṣèèṣì kọ pé 20 lọ́nà 30 jẹ́ 500. Ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà, síbẹ̀ ó gba 4, nítorí pé olùkọ́ rí i gbangba pé ọ̀nà yé e, ibì kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹta fi 10 kún 50 dípò kí ó yọ ọ́, ó rí 60, ó sì sọ pé ìbú oko jẹ́ 30, gígùn rẹ̀ jẹ́ 40. Olùkọ́ lè fi ìlà pupa sí ibi tí ó ti ṣìnà gan-an, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì ní ṣe irú rẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ ìdánwò. Ẹni tí ó kọ ìdáhùn nìkan kò lè rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kẹta náà ì bá ti rí àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ó bá yẹ iṣẹ́ wò. Oko tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 30, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 40, bí a bá yí i ká yóò jẹ́ mítà 140. Ìbéèrè sì sọ pé 100 ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa mú ìdáhùn rẹ̀ padà sínú ìbéèrè kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Fífi ọ̀nà hàn kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ẹ gbọ́ bí a ti ń pe 45: márùn-dín-láàádọ́ta. Orúkọ náà sọ pé kí a mú 50, kí a yọ 5 kúrò. Àádọ́ta pàápàá, ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọgọ́ta sì ni ogún lọ́nà mẹ́ta. Bí ọmọdé bá dárúkọ márùn-dín-láàádọ́ta, ó ti sọ pé 20 × 3 = 60; 60 − 10 = 50; 50 − 5 = 45. Àwọn baba wa tí ń ka owó ẹyọ fi ọ̀nà sínú orúkọ ọ̀pọ̀ iye. Ohun tí olùkọ́ ìṣirò ń béèrè lórí ìwé kò yàtọ̀ sí èyí.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà tí ó yẹ kí a rántí. Kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀. Kí a kọ ìwọ̀n, ìbá à ṣe mítà, kílò tàbí náírà, sí ẹ̀yìn ìdáhùn. Kí a fi rúlà àti pẹ́ńsù ya àwòrán, kí a sì kọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Bí a bá ṣe àṣìṣe, kí a fa ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí rẹ̀, kí a sì kọ èyí tí ó tọ̀nà sí ìsàlẹ̀. Kí a má ṣe họ ìwé títí tí yóò fi lu.

ÒFIN KẸRIN: KÍ IṢẸ́ JẸ́ TI ẸNI TÍ Ó FI Í SÍLẸ̀

Kò sí òfin tí ó sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jíròrò. Ó dára kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin jókòó pọ̀, kí wọn wádìí ìbéèrè, kí èyí tí ó yé sì la ìyókù lóye. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di kíkọ, kí olúkúlùkù lọ kọ tirẹ̀ láìwo ìwé ẹlòmíràn. Olùkọ́ tí ó ti ń máàkì fún ìgbà pípẹ́ a máa tètè mọ̀ bí iṣẹ́ mẹ́wàá bá ní àṣìṣe kan náà ní ìlà kan náà. Ìyà rẹ̀ sì lè kan ẹni tí ó wò àti ẹni tí ó jẹ́ kí a wo tirẹ̀.

Lónìí, fóònù àti kọ̀ǹpútà wà tí ó lè tú ìbéèrè ìṣirò kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ẹni tí ó ti gbìyànjú tí ibì kan kò sì yé e lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́, bí olùkọ́ bá gbà á láyè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá da ohun tí ẹ̀rọ kọ sórí ìwé tí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i ti pa irọ́. Àwọn àgbà sọ pé aṣọ àyálò kì í yẹ ni. Máàkì 60 tí ó kù wà nínú gbọ̀ngàn tí a kì í mú fóònù wọ̀, níbẹ̀ ni olówó aṣọ yóò ti gba aṣọ rẹ̀.

Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó wá máàkì. Olùkọ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti gba owó kí ó tó gba iṣẹ́ tàbí kí ó tó fún ènìyàn ní máàkì. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi tó olórí ẹ̀ka létí.

Ẹ̀TỌ́ AKẸ́KỌ̀Ọ́

Òfin kò wà fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ ọjọ́ àti iye máàkì iṣẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é. Ó sì yẹ kí ó dá iṣẹ́ tí ó ti máàkì padà kí ìdánwò àṣekágbá tó dé, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó. Iṣẹ́ tí a kò dá padà kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fóònù kí ó tó fi í sílẹ̀, tàbí kí ó ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí a bá dá a padà, kí ó ro máàkì inú rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí olùkọ́ náà lè ṣèèṣì. Bí ó bá rí àṣìṣe, kí ó mú ìwé náà lọ bá olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì sọ pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún ibí yìí wò, sà.” Ẹni tí ó mú ìwé lọ́wọ́ tí ó sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀ ni a máa ń dá lóhùn.

ÀWỌN TÍ Ń KẸ́KỌ̀Ọ́ LÁTI ILÉ

Àwọn mìíràn kò lè fi oko tàbí ọjà sílẹ̀ lọ gbé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní 1969 fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1971. Ìṣirò wà lára ẹ̀kọ́ tí a kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀, nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ni iṣẹ́ ń gbà dé ọwọ́ olùkọ́. Nàìjíríà dá irú tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1983. Ìjọba dá a dúró ní 1984, ó sì tún un ṣí ní 2002. Níbẹ̀, iṣẹ́ àárín sáà ní máàkì 30, ìdánwò àṣekágbá sì ní 70.

Orí kọ̀ǹpútà ni a ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ báyìí. Kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ̀bẹ̀. Bí àkókò bá ti pé, ó ti ilẹ̀kùn náà nìyẹn. Ẹni tí ń gbé ní ibi tí iná mànàmáná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì kò dúró déédéé kò gbọdọ̀ dúró de alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú.

OHUN TÍ ÒBÍ LÈ ṢE

Òbí tí kò kàwé pàápàá lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò pọn dandan kí ó mọ ìṣirò. Kí ó máa béèrè ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ náà ní oṣooṣù: Iṣẹ́ mélòó ni a fún yín? Mélòó ni o ti fi sílẹ̀? Mélòó ni a ti dá padà, kí ni o sì gbà? Ọmọ tí ó mọ̀ pé a ó béèrè yóò ní ohun tí yóò dáhùn.

Kí òbí má ṣe pe ọmọ wá sílé fún ìnáwó tàbí iṣẹ́ oko ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́, àfi bí ọ̀rọ̀ bá le. Ó tún yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bá dé kíláàsì tó ìdá márùn-dín-lọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ìdánwò àṣekágbá. Àbọ̀wálé lemọ́lemọ́ lè gba ìdánwò lọ́wọ́ ọmọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KÀWÉ PỌ̀

1. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ní máàkì 22 nínú 40. Mélòó ni ó gbọ́dọ̀ gbà nínú 60 kí ó tó lè gba C?

2. Olùkọ́ kan ń yọ máàkì 2 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ bá fi pẹ́. Iṣẹ́ kan tọ́ sí 9, ṣùgbọ́n ó fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́. Kí ni yóò gbà?

3. Oko onígun mẹ́rin kan jẹ́ mítà 80 bí a bá yí i ká. Gígùn rẹ̀ fi mítà 20 ju ìbú rẹ̀ lọ. Báwo ni ilẹ̀ náà ti tóbi tó? Ẹ fi gbogbo ìgbésẹ̀ hàn, kí ẹ sì yẹ ìdáhùn yín wò.

4. Kí ni ìdí tí kò fi tọ́ kí olùkọ́ gba iṣẹ́ lẹ́yìn tí ó ti ṣàlàyé ìdáhùn fún kíláàsì?

Ìdáhùn: (1) 50 − 22 = 28. (2) 9 − 6 = 3. (3) 2(x + x + 20) = 80; 2x + 20 = 40; 2x = 20; x = 10. Ìbú jẹ́ mítà 10, gígùn jẹ́ mítà 30, ilẹ̀ sì jẹ́ mítà 300 níbùú-lóòró. Àyẹ̀wò: 10 + 30 + 10 + 30 = 80. (4) Kí ẹgbẹ́ jíròrò èyí fúnra wọn.